Ẹrù kan, ẹ̀ka kan: ìdí tí Debian kì í fi gba ẹrù kan sí ẹ̀ka méjì lẹ́ẹ̀kan náà

Ká ní ẹnì kan ti Parakou dé sí Kika pẹ̀lú clé USB lọ́wọ́. Logiciel kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fi í sórí kọ̀ǹpútà ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀: ó ní ohun kan ò sí, ohun kan ti gbó jù. Onítọ̀hún fi agbára tì í wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà ò ṣí mọ́. Wọ́n á ní virus ni. Kì í ṣe virus o. Ẹrù ẹ̀ka kan ni wọ́n kó wọ inú ẹ̀ka mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń lo Linux, ìbáà ṣe Debian, ìbáà ṣe Ubuntu. Àwọn tó ń ṣe Debian ti mọ ìṣòro náà tipẹ́, wọ́n sì ní òfin kan nípa rẹ̀. Òfin ọ̀hún kò gùn: a kì í fi ẹrù kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ojú ìwé yìí, a ó sọ ohun tí òfin náà jẹ́, ìdí tó fi wà, àti ohun tó yẹ kí àwa tí à ń lo kọ̀ǹpútà àlòkù, tí connexion wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára, rí kọ́ nínú rẹ̀.

Kí ni Debian? Kí ni ẹrù?

Debian ni ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ìsàlẹ̀, bí Windows ṣe ń ṣe. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó pín in fún ẹlòmíràn. Ian Murdock ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Ó mú orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ìgbà náà, Debra, ó so ó mọ́ tirẹ̀, ó sì di Debian. Lónìí, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ayé ló ń tọ́jú rẹ̀. Ubuntu tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, tó jáde ní ọdún 2004, orí Debian ni wọ́n gbé e kà.

Gbogbo ohun tó wà nínú Debian ni wọ́n dì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Paquet ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Ẹrù ni a ó máa pè é níbí. Ẹrù tó wà nínú Debian báyìí lé ní 60,000. Ọ̀kan nínú wọn tó kàn wá gan-an ni èyí tó ń jẹ́ xkb-data. Inú rẹ̀ ni ètò clavier oríṣiríṣi èdè wà, títí kan ti Yorùbá, èyí tó ń jẹ́ ká lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ láìsí wàhálà. Ẹrù kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́jú tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó gbogbo ẹrù náà sí la ó máa pè ní àká.

Ẹ̀ka mẹ́ta inú àká

Àká Debian kì í ṣe yàrá kan ṣoṣo. Ó pín sí ẹ̀ka, mẹ́ta nínú wọn ló sì ṣe pàtàkì jù.

Àkọ́kọ́ ni unstable. Ibẹ̀ ni ẹrù tuntun ti máa ń kọ́kọ́ wọlé. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ kì í yí padà: sid ni. Inú fíìmù Toy Story ni Debian ti ń mú orúkọ àwọn ẹ̀ka rẹ̀, Sid sì ni ọmọkùnrin inú fíìmù náà tó máa ń ba ohun ìṣeré jẹ́. Orúkọ náà ti kìlọ̀ fúnni.

Èkejì ni testing. Ènìyàn kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù wọ ibẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹrù á kọ́kọ́ dúró ní unstable fún ọjọ́ 2, 5 tàbí 10, bí olùtọ́jú bá ṣe sọ pé ó kánjú sí. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn ènìyàn á ti lò ó. Bí wọn ò bá rí àṣìṣe ńlá tuntun nínú rẹ̀, tí gbogbo ohun tó gbára lé sì ti wà ní testing, ètò aládàáṣiṣẹ́ á gbé e kọjá síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni stable. Èyí ni Debian tí a ń gbé fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì. Testing ni wọ́n máa ń tì pa fún oṣù díẹ̀, tí wọ́n á tún un ṣe títí yóò fi dára, kí wọ́n tó sọ ọ́ di stable. Èyí tó ń jẹ́ bookworm, ìyẹn Debian 12, jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2023. Trixie, Debian 13, tẹ̀lé e ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Bí stable bá ti jáde, wọn kì í kó nǹkan tuntun wọ inú rẹ̀ mọ́. Àtúnṣe àṣìṣe nìkan ló kù, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àwọn mìíràn á sì tún máa tọ́jú rẹ̀ fún ọdún méjì sí i.

Òfin náà

Bí olùtọ́jú bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́, ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù náà gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ẹ̀ka tó ń lọ. Ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn olùtọ́jú Debian sọ ọ́ ní gbangba pé kò ṣeé ṣe láti fi ẹrù kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó o bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ dé ẹ̀ka méjì, wàá ṣe ẹrù méjì, wàá fún wọn ní nọ́ńbà méjì, wàá sì fi wọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ o. Kí testing tó dé ní ìparí ọdún 2000, ẹ̀ka kan wà tó ń jẹ́ frozen. Bí ọjọ́ ìjáde bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á da unstable kọ sọ́tọ̀, wọ́n á sì pè é ní frozen. Nígbà náà, olùtọ́jú lè kọ "frozen unstable" sórí ìlà kan ṣoṣo, ẹrù á sì wọ ẹ̀ka méjèèjì. Ó rọrùn, àbí? Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya méjèèjì, wọ́n jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń lọ, unstable ń yí padà, frozen dúró sójú kan. Ẹrù tó bá ọ̀kan mu ò wá bá èkejì mu mọ́. Nígbà tí testing dé, frozen kásẹ̀ nílẹ̀, àṣà ìlà kan fún ẹ̀ka méjì náà sì bá a lọ.

Ìdí kìn-ín-ní: ilẹ̀ méjì ò rí bákan náà

Kóòdù tí ènìyàn kọ dà bí èlùbọ́. Ẹrù tí kọ̀ǹpútà lè lò dà bí àmàlà tí a ti rò tán. Omi àti ìkòkò ilé tí a ti ro ó ló máa ń hàn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ kóòdù di ẹrù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pè ní compiler ní Faransé, ẹrù náà á fara mọ́ àwọn èlò tó bá nínú ẹ̀ka yẹn.

Ẹ wo ẹrù tó ń jẹ́ libc6. Òun ni ìpìlẹ̀. Bóyá ni ogiri kan wà nínú Debian tí kò dúró lé e. Ti bookworm jẹ́ 2.36. Ti trixie jẹ́ 2.41. Bí a bá ṣe ẹrù kan lórí trixie, ó lè sọ pé òun ò lè ṣiṣẹ́ láìsí libc6 tó tuntun ju 2.36 lọ. Bó bá dé bookworm, kò ní ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún ẹni tó ti Parakou dé pé ohun kan ti gbó jù.

Bí a bá tún yí i padà ńkọ́? Ká ṣe é lórí èyí tó pẹ́, ká gbé e lọ sórí tuntun? Ìyẹn náà máa ń kọ́sẹ̀. Ní Debian 11, ẹrù tó ń bá kọ̀ǹpútà fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ libssl1.1. Nígbà tó di Debian 12, libssl3 ló dípò rẹ̀. Ẹrù tí wọ́n ṣe lórí 11, tó ń wá libssl1.1, á dé 12, á wá ẹni tó mọ̀ tì.

Nítorí náà, wọn ò fi ọkàn tán ẹrù tí olùtọ́jú bá ṣe lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti kéde pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò ní lè kọjá sí testing. Kóòdù nìkan ni kí olùtọ́jú fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ Debian fúnra rẹ̀ ni yóò fi èlò ẹ̀ka tó ń lọ ro àmàlà náà.

Ìdí kejì: nọ́ńbà kì í padà sẹ́yìn

Kọ̀ǹpútà ò mọ èyí tó dára nínú ẹrù méjì. Nọ́ńbà ló ń wò. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló gbà pé ó jẹ́ tuntun, òun ló sì máa gbé nígbà mise à jour. Tí ẹni tó ń lo stable bá fẹ́ bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà ẹrù kankan tó ní kò gbọ́dọ̀ ga ju ti ẹ̀ka tuntun náà lọ. Bí ọ̀kan bá ga jù, ẹrù àtijọ́ á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ pé ọjà ti tú.

Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ètò kan wà ní trixie pẹ̀lú nọ́ńbà 1.8-3, tó sì wà ní unstable pẹ̀lú 2.0-1. Bí àtúnṣe bá dé fún ti trixie, olùtọ́jú á pè é ní 1.8-3+deb13u1. Ó ga ju 1.8-3 lọ, nítorí náà ẹni tó ń lo trixie á rí i gbà. Kò sì ga tó 2.0-1, nítorí náà kò ní dí ọ̀nà lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé 2.0 fúnra rẹ̀ wá sí trixie fún ẹni tó dìídì béèrè rẹ̀, wọ́n á pè é ní 2.0-1~bpo13+1. Àmì ~ yẹn ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé: "mo kéré díẹ̀ sí 2.0-1." Ẹrù kan ṣoṣo tó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹ̀ka méjì.

Ìdí kẹta: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹni tó ń lo unstable ti gbà pé nǹkan lè bàjẹ́. Ẹni tó ń lo stable ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnubodè wọn fi yàtọ̀. Kí àtúnṣe tó wọ stable, wọ́n máa ń fẹ́ kó ti wà ní unstable ná. Olùtọ́jú á kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ìjáde, á sọ ohun tó bàjẹ́, á fi gbogbo ìlà tó yí padà hàn wọ́n. Bí wọ́n bá gbà, ẹrù á dúró níbi ìdúró kan títí di ọjọ́ tí wọ́n máa kó gbogbo àtúnṣe jáde pọ̀, ó sì máa ń tó nǹkan bí oṣù méjì-méjì. Ti ààbò nìkan ni kì í dúró: àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò ní ọ̀nà tiwọn, wọ́n sì ń fi í jáde lójú ẹsẹ̀. Bí ìlà kan bá lè gbé ẹrù wọ ibi méjèèjì, ẹnubodè tó rọrùn jù ni gbogbo ayé á máa gbà.

Àṣìṣe kan, ẹrù méjì: ọdún 2008

Ní ọdún 2006, ẹni tó ń tọ́jú ẹrù openssl yọ ìlà kóòdù díẹ̀ kúrò, torí pé irinṣẹ́ àyẹ̀wò kan ń ráhùn nípa wọn. Kò mọ̀ pé ìlà wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe yàtọ̀ síra. Látìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ tí Debian ń ṣe di èyí tí olè lè kà tán: fún irú kọ́kọ́rọ́ kan tó ní ìwọ̀n kan, kò ju 32,768 lọ. Àṣìṣe náà la ẹ̀ka gbogbo kọjá láti unstable dé stable, láìsí ẹni tó rí i. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀ka lè dí gbogbo ihò. Ohun tí ojú ò rí lè gba ẹnubodè mẹ́ta kọjá.

Luciano Bello ló rí i nígbẹ̀yìn, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2008. Jàǹbá ńlá ni. Gbogbo ayé ló fẹ́ àtúnṣe lọ́jọ́ yẹn kan náà. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìkánjú náà, wọn ò fi ẹrù kan ṣoṣo kún gbogbo ẹ̀ka. Stable ìgbà náà, etch, gba 0.9.8c-4etch3. Unstable gba 0.9.8g-9. Ìlà tí wọ́n dá padà jọra, ẹrù yàtọ̀. Ẹni tó wà lórí etch gba àtúnṣe náà nìkan, láìgba ohun tuntun mìíràn tí kò béèrè.

Ọjọ́ tí ìyàsọ́tọ̀ yìí gba stable là: ọdún 2024

Ẹrù xz kékeré ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í ran ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́. Ó lò ju ọdún méjì lọ níbẹ̀, títí tí wọ́n fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Nínú 5.6.0 àti 5.6.1, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa mọ́ sínú rẹ̀, èyí tí yóò jẹ́ kí ó lè wọ kọ̀ǹpútà olókọ̀ǹpútà láti òkèèrè.

Ẹrù náà wọ unstable. Ó kọjá sí testing. Andres Freund, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ṣàkíyèsí lórí kọ̀ǹpútà Debian rẹ̀ pé ìwọlé láti òkèèrè ti ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ó tọpa rẹ̀, ó sì kéde ohun tó rí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024. Ní ọjọ́ yẹn, stable ṣì wà lórí 5.4.1. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò dé ibẹ̀ rárá. Àwọn tó ń lo stable ò pàdánù nǹkan kan.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tún unstable ṣe. Wọ́n fẹ́ padà sí 5.4.5, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í padà sẹ́yìn. Wọ́n wá pe ẹrù náà ní 5.6.1+really5.4.5-1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: lójú kọ̀ǹpútà mo ju 5.6.1 lọ, ṣùgbọ́n 5.4.5 ni mí ní ti gidi. Ká ní stable náà ti gba 5.6.1 ni, irú ìyípo bẹ́ẹ̀ ì bá di iṣẹ́ gbogbo ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó ń lò ó.

Kí ló kàn wá ní Kika?

Ní Benin, Togo àti Côte d'Ivoire, àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú bidon lítà 20, tí wọ́n ń pè é ní Jerry, tí wọ́n sì ń fi logiciel ọ̀fẹ́ sórí rẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún ìgbà pípẹ́ bí a ò bá da ẹ̀ka pọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, tí kò sì sí connexion tó lágbára, ó lè gba odindi ọjọ́ àti forfait tó pọ̀ ká tó tún un ṣe. Nítorí náà:

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀ka yín. Ẹ ṣí terminal, ẹ tẹ cat /etc/os-release. Orúkọ ẹ̀ka á hàn níbẹ̀: bookworm, trixie tàbí òmíràn. Ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀rọ náà kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹrù lọ́wọ́ ẹlòmíràn lórí clé USB, ẹ bi í pé ẹ̀ka wo ló ti wá. Bí ẹ̀ka ò bá bára mu, ẹ má gbà á, bó ti wù kó dára tó lórí tirẹ̀.

Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ka méjì pọ̀ sínú /etc/apt/sources.list. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé nọ́ńbà tó ga jù ni kọ̀ǹpútà á máa gbé, láìbi yín.

Bí ẹ bá nílò ohun tuntun lórí trixie, ẹ wò ó bóyá ó wà ní trixie-backports. Orí trixie fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ẹrù ibẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ìlà backports kún un, ẹ tẹ apt install -t trixie-backports, kí orúkọ ẹrù tẹ̀ lé e.

Bí connexion bá ṣòro, ẹnì kan lè gba àwòrán DVD Debian ní Parakou, kó gbé e wá. Ọ̀pọ̀ ẹrù á wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn á sì jẹ́ ti ẹ̀ka kan.

Bí ọmọ wa kan bá wá di olùtọ́jú ẹrù lọ́la ńkọ́, tó bá rí àṣìṣe nínú clavier Yorùbá? Kó fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí unstable ná. Bí àṣìṣe náà bá burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará stable ò lè dúró, kó ṣe ẹrù kejì fún wọn, kó kọ̀wé, kó ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà nínú kíláàsì, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró dè láàárọ̀, á tàn.